Bí Wọ́n Bá Lé Mi, Mo Ń Bọ̀

Ibùsùn tí wọ́n fún Garrick Tolliver kéré sí i. Bó bá na ẹsẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì a yọ síta bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn. Bó bá ká ara jọ, orúnkún rẹ̀ a kan ògiri. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, lẹ́yìn odi ìlú Toledo ní ìpínlẹ̀ Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ nínú oṣù kẹjọ kí eré gidi tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sí ìsinmi, àfi orúkọ wọn tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ sára tábìlì ló kù. Ibùsùn kejì wà ní òdìkejì yàrá, òfìfo. Títí di àárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọkùnrin ará Nebraska kan tó ń jẹ́ Thatcher ló ń sùn níbẹ̀, tó sì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Garrick ti bú u tì lórí ìhanrun náà. Ní báyìí tí yàrá ti dákẹ́ rọ́rọ́, ó wá rí i pé ìhanrun ènìyàn sàn ju ìdákẹ́jẹ́ ògiri lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Dorsett ló wá mú Thatcher. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Dorsett. Bàtà rẹ̀ kì í dún, kì í gbóhùn sókè, síbẹ̀ kò sí ẹni tó fẹ́ rí i lẹ́nu ọ̀nà òun láàárọ̀. Àgbákò ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn: "Kóòṣì fẹ́ rí ọ. Mú ìwé eré rẹ dání." Ẹni tí wọ́n bá ti ní kó mú ìwé eré dání, tirẹ̀ ti parí, nítorí inú ìwé yẹn ni gbogbo ọgbọ́n ẹgbẹ́ wà, wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí wọ́n lé gbé e jáde. Thatcher ò sunkún. Ó di ẹrù rẹ̀, ó bọ Garrick lọ́wọ́, ó ní, "Alápẹ̀rẹ̀, sá fún ọkùnrin yìí o."

Alápẹ̀rẹ̀ lorúkọ tí wọ́n fún un ní ibùdó yẹn, nítorí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló gbá títí ó fi jáde ní yunifásítì. Àwọn yòókù ti ń gbá bọ́ọ̀lù àgbésáré, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà olórí ṣóńṣó tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, láti ìgbà tí akoto ti tóbi ju orí wọn lọ. Garrick nìkan ni kò gbá a rí, àfi èyí tí wọ́n fi ń ṣeré lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ ọdún.

Nílé ìwé rẹ̀ ní gúúsù Ohio, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo gbọ̀ngàn a máa pe orúkọ rẹ̀ títí òrùlé a fi máa gbọ̀n. Ó ga débi pé ó ń tẹrí ba kó tó wọ ilé oúnjẹ, ṣùgbọ́n lójú àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ jẹun ní Amẹ́ríkà, kúkúrú ni. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n mi orí, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọn ò sì pè é mọ́.

Ilé ìwé yẹn náà ló ti rí Lenora Pruitt. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ni Lenora wà. Lọ́jọ́ kan, àkókò àwọn obìnrin ti tó, Garrick ṣì wà lórí pápá, ó ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lóun nìkan. Lenora dúró tì í pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lábíyá, ó fi aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan di irun rẹ̀. Ó ní, "Ṣé bàbá ẹ ló kọ́ ibí ni, àbí o kàn ń ṣọ́ ọ fún un?" Garrick yíjú padà, ó rí i, ó sì sún kúrò lórí pápá. Láti ọjọ́ náà lọ, bó bá ti gbọ́ dídún bàtà lórí pákó, ọkàn rẹ̀ á kọ́kọ́ fò kó tó wo ẹni tó ń bọ̀. Bí ìfẹ́ bá ń kọrin ní ti gidi, àwọn méjèèjì ló ń kọrin fún ní gbogbo ìgbà òtútù ọdún yẹn.

Nígbà tí wọ́n jáde, ẹgbẹ́ alápẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Namur, lórílẹ̀-èdè Belgium, ní òun fẹ́ àwọn méjèèjì, Lenora fún àwọn obìnrin, Garrick fún àwọn ọkùnrin, ilé kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì lókè ilé ìta búrẹ́dì. Wọ́n ti yan àwọ̀ kọ́tìnì. Wọ́n ti jà lórí rẹ̀, wọ́n sì ti parí ìjà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Toledo pè. Ẹnìkan wọn ti rí bí Garrick ṣe ń fò, bó ṣe ń fi èjìká gbé àwọn ọkùnrin kúrò lọ́nà lábẹ́ àwọ̀n. Wọ́n ní irú rẹ̀ làwọn ń wá, ẹni gíga tó lè fàyà dènà, tó sì lè nawọ́ já bọ́ọ̀lù lókè. Ẹgbẹ́ ńlá ni, eré tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń pa iṣẹ́ tì láti wò lọ́jọ́ Àìkú. Garrick tí wọ́n ti pè ní kúkúrú rí i pé àwọn kan wà tó ka òun sí òmìrán.

Iwájú ilé ìyá Lenora ló ti sọ fún un, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń bó àgbàdo. Lenora ò pariwo. Ó bó àgbàdo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó mú òmíràn.

"Nítorí náà, èmi nìkan ni mò ń lọ," ni ó wí.

"Oṣù kan péré ni. Ìgbà tí oṣù kẹjọ bá fi máa parí, wọ́n á ti yan ẹni tí wọ́n fẹ́. Bí wọ́n bá lé mi, mo ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Namur ní àwọn máa di àyè mi mú títí oṣù á fi parí."

"Bí wọn ò bá lé ẹ ńkọ́?"

Garrick mú irun àgbàdo kúrò lórí ìka Lenora, ó fi ẹnu kan ìka náà. Ìlérí yẹn ni Garrick gbé lọ sí Toledo, òun náà ni Lenora gbé lọ sí Namur.

Ọwọ́ Garrick dára. Kódà àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gbà pé ọwọ́ rẹ̀ dára. Bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn ò lè fi ìka kàn, á fò sókè, á já a bí ẹni ń já èso. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìṣòro. Bó bá ti gba bọ́ọ̀lù tán, ẹsẹ̀ méjèèjì á kanlẹ̀ pọ̀, á dúró gbagidi. Kì í pẹ́. Ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú ni. Ṣùgbọ́n kó tó ṣẹ́jú tán, ẹni tó ń lé e bọ̀ ti dé, ó ti gbé e ṣánlẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì.

"Tolliver," ni Brannigan wí, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń tọ́jú àwọn tó wà ní ipò rẹ̀. "Ta lò ń dúró dè?"

"Mi ò dúró de ẹnikẹ́ni, Kóòṣì."

"Ó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹ bá mi wo ojú ọ̀nà yẹn bóyá bọ́ọ̀sì ń bọ̀."

Àwọn kan yíjú wo ojú ọ̀nà ní ti tòótọ́. Ẹ̀rín gba pápá. Garrick gbọn koríko kúrò nínú irin tó bo ojú akoto rẹ̀, ó padà sí ìlà. Wọ́n tún ju òmíràn sí i, ó tún já a, ó tún dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Brannigan ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ìyẹn ló wá dẹ́rù bà á, nítorí ẹni tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ò bá bú mọ́, ó ti ń lọ sílé nìyẹn.

Silas Okerlund ló bi í ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Silas ló dàgbà jù ní ipò wọn. Orúnkún rẹ̀ máa ń dún bí igi gbígbẹ tó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, gbogbo àwọn ọmọdé ló sì ń pè é ní Àgbà. Wọ́n jọ wà nínú àgbá omi yìnyín tí wọ́n fi ń wo ara ríro lọ́sàn-án ọjọ́ kan, omi dé wọn láyà, eyín Garrick ń gbá ara wọn.

"Sọ òótọ́ fún mi, ọmọdé. Kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ ẹ?"

"Mi ò mọ̀, Àgbà. Tí mo bá ti di bọ́ọ̀lù mú, ó máa ń ṣe mí bíi pé wọ́n máa fọn fèrè."

"Fèrè kí ni?"

"Ní tiwa, tó o bá gbé bọ́ọ̀lù sáré láì gbá a mọ́lẹ̀, o ti rúfin nìyẹn. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á gbé e fún ọ̀tá. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fọn fèrè yẹn sí mi létí."

Silas rẹ́rìn-ín títí omi yìnyín fi ń dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú, ó wo Garrick bí ẹni ń wo ọmọ tó sọ nǹkan tó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

"Nǹkan ti wà lọ́wọ́ ẹ, o ṣì ń tọrọ ẹ̀," ni ó wí. "Láyé níbí, ẹni tó bá gbé e ló ni ín. Wá gba bọ́ọ̀lù kan lọ́wọ́ mi tá a bá jáde. Wàá máa gbé e kiri. Gbé e lọ jẹun, gbé e lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gbé e sùn. Tó o bá gbá a mọ́lẹ̀ pẹ́nrẹ́n, màá gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Garrick ṣe di ẹni tí ń gbé bọ́ọ̀lù kiri bí abiyamọ. Nílé oúnjẹ, wọ́n á ní, "Alápẹ̀rẹ̀, kí lo fẹ́ sọ ọmọ náà?" Ẹlòmíràn á ní, "Ó jọ bàbá ẹ̀, orí ẹ̀ ṣe ṣóńṣó." Wọ́n á máa yọ́ wá láti ẹ̀yìn láti gbá a bọ́ lábíyá rẹ̀. Ó kọ́ láti fi igbá àyà mú un mọ́ra. Ó ń gbé e rìn la àárín ìlú lọ sí ilé ìfọṣọ, aṣọ nínú àpò kan, bọ́ọ̀lù ní apá kejì, àwọn àgbàlagbà tó jókòó síwájú ilé wọn á kí bọ́ọ̀lù náà kí wọ́n tó kí i. Nílé ìfọṣọ, ó máa ń jókòó síwájú ẹ̀rọ, á máa wo aṣọ tó ń yí po. Àwọn tọkọtaya á wọlé, wọ́n á jọ mú etí aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ibùsùn méjèèjì, wọ́n á ká a, wọ́n á pàdé láàárín, wọ́n á tún padà sẹ́yìn. Garrick á gbé ojú kúrò. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kíká aṣọ lásán lè dun ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ló máa ń pe Lenora, nítorí ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ ní Namur nígbà náà. Á lọ jókòó sábẹ́ igi kan lẹ́bàá ibi ìgbọ́kọ̀sí.

"O ti jẹun?" ni Lenora bi í.

"Adìyẹ. Adìyẹ ni lójoojúmọ́. Kò ní pẹ́ tí màá fi máa kọ bí àkùkọ láàárọ̀."

"Ọ̀dùnkún díndín lèmi ń jẹ. Àwọn ará ibí ò mọ̀ pé Ọlọ́run dá ọbẹ̀ tòmátò sáyé. Madame Colette tó ni ilé búrẹ́dì bi mí lónìí pé ìgbà wo ni ọkọ mi ń bọ̀."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní kó kọ́kọ́ gbé iná àárín pálọ̀ sókè, kó o má bàa fi orí fọ́ ọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà jìn, ẹ̀rín Lenora á dé lẹ́yìn tí tirẹ̀ bá ti parí, nítorí náà ó máa ń dà bí ẹni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan.

"Ìdánrawò ńkọ́?"

"Ó burú," ni Garrick wí. "Mo tún dúró. Brannigan ò tiẹ̀ bú mi mọ́."

Ó gbọ́ bí Lenora ṣe mí. Èémí kékeré kan ni, bí ti ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ bí mo ṣe mí?" ni Lenora wí.

"O ò sọ nǹkan kan."

"Inú mi dùn, Garrick. O ní nǹkan burú fún ẹ, inú mi dùn. Láàárọ̀ yìí, mo wà nínú bọ́ọ̀sì, mò ń gbàdúrà bí mo ṣe máa ń gbà á, mo bá gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n lé ẹ. Ìwọ lo sọ mí dà báyìí. 'Bí wọ́n bá lé mi, mo ń bọ̀.' Irú ìlérí wo nìyẹn fún ẹni téèyàn fẹ́ràn? Ó sọ mí di ọ̀tá ẹ láì sí ìjà."

"Lenora, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò rò ó. Èmi ló wá ń rò ó."

Ó ní òun fẹ́ lọ wẹ̀. Garrick jókòó sábẹ́ igi náà, bọ́ọ̀lù lórí itan rẹ̀, títí fèrè ìdánrawò ìrọ̀lẹ́ fi dún.

Eré àṣewò tó kẹ́yìn bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ní pápá ńlá ìlú. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n máa yọ àwọn tó kù tí wọ́n fẹ́ yọ. Garrick ò wọlé títí eré fi dé ìlàjì. Nígbà tó wọlé, wọ́n ju bọ́ọ̀lù kan sí i láàárín, ó já a, ó sì dúró. Ọkùnrin kan tó sanra bí ògiri gbá a láti ẹ̀gbẹ́, bọ́ọ̀lù bọ́, ọ̀tá gbé e. Àwọn ènìyàn hó lé e lórí. Ó padà sórí bẹ́ǹṣì, Silas sì sún omi sí i. Garrick ronú pé ó ti tán. Nígbà tó ronú bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó rí kọ́tìnì aláwọ̀ ewé, ó rí òpópónà tí kò tíì rí rí, ó rí Lenora tó ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé búrẹ́dì. Ó ku kí wọ́n lé òun, kí ayé dùn.

Ṣùgbọ́n wọ́n tún pè é wọlé nígbà tí eré fẹ́ parí. Bọ́ọ̀lù náà ga jù, ó ń bọ̀ láàárín òun àti ọkùnrin méjì. Garrick kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó fi ìdí àti èjìká ti wọn sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe lábẹ́ àwọ̀n, ó fò, ó sì já a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀. Kò sí fèrè kankan tó dún sí i létí. Ó kàn rí i pé òun ti ń sáré, bọ́ọ̀lù mọ́ ìhà, koríko ń sá lọ sẹ́yìn lábẹ́ rẹ̀, ẹnìkan di aṣọ rẹ̀ mú, ó wọ́ onítọ̀hún lọ, ẹnìkejì dì í mọ́ ẹsẹ̀, ó wọ́ òun náà lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e ṣubú nítòsí ìlà òpin, gbogbo pápá ti dìde dúró, wọ́n ń pe, "Tolliver." Ó dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run, ayọ̀ kan tí kò ní rírò nínú kún inú rẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun.

Ìgbà tó padà jókòó ló tó rántí Lenora. Nínú gbogbo ìgbà tí òun fi ń sáré yẹn, òun ò rántí rẹ̀ rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gbẹ́ni Dorsett dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tí kì í dún.

"Kóòṣì fẹ́ rí ọ. Mú ìwé eré rẹ dání."

Garrick tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, Dorsett fọwọ́ kan án ní igúnpá fẹ́rẹ́, ó sì lọ.

Brannigan ń jẹ ẹyin. Ó gba ìwé eré, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

"A ti yọ ọ́ kúrò, Tolliver. Silas Okerlund ló mú àyè tó kù. Kò tíì yá fún ọ." Ó nu ẹnu. "Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan kan lọ́jọ́ Sátidé. A lè mú ọ mọ́ àwọn adánrawò. Wàá máa bá wa ṣiṣẹ́ láti Ọjọ́rú dé Ọjọ́ Ẹtì, wàá máa gbá bí ẹgbẹ́ tá a fẹ́ bá pàdé, kí àwọn ọmọ wa lè fi ọ́ kọ́ eré. Lọ́jọ́ Àìkú, o ò ní wọ aṣọ eré. Bóyá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó sì lè má sí ohun tó ń jẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó ń fipá mú ọ. Mo fẹ́ gbọ́ èsì kí n tó jẹun ọ̀sán."

Ilé ò gbà á, ọ̀nà ò gbà á. Garrick jáde lọ sábẹ́ igi, ó pe Lenora. Obìnrin náà gbé e kíá, bí ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀.

"Wọ́n ti lé mi," ni Garrick wí.

Lenora bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹkún tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú o," ni ó wí, bí ẹni ń kí gbogbo ìdílé rẹ̀, "ẹ kú ìrọ́jú, olólùfẹ́ mi. Ọjọ́ wo lo ń bọ̀?"

Garrick lè dá ẹnu dúró síbẹ̀. Irọ́ ò sí nínú ohun tó sọ. Wọ́n lé e, ó sì ti ní bí wọ́n bá lé òun, òun ń bọ̀. Lenora ò ní mọ ìyókù láé, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n á jọ dàgbà, wọ́n á jọ darúgbó lórí ọ̀rọ̀ tí kò sọ yẹn. Ó ṣí ẹnu láti dá ọjọ́ fún un.

"Wọ́n ní mo lè dúró mọ́ àwọn adánrawò," ni ó gbọ́ tí ẹnu òun sọ.

Ẹkún dáwọ́ dúró ní apá ọ̀hún.

"Kí ni ìyẹn?"

Ó ṣàlàyé fún un. Ó sọ nípa Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì, ó sọ nípa ọjọ́ Àìkú tí kò ní wọ aṣọ eré. Bó ṣe ń ṣàlàyé, ó gbọ́ bí ohùn òun ṣe ń yára, bí ti ọmọ tó ń sọ nípa ohun ìṣeré tí wọ́n fi hàn án nínú ṣọ́ọ̀bù. Lenora náà gbọ́ ọ.

"Kí lo fẹ́ kí n sọ?" ni ó bi í.

"Sọ ohun tó bá wù ẹ́."

"Rárá o. O fẹ́ kí n ní máa bọ̀, kó lè jẹ́ pé èmi ni mo pè ẹ́. Tó bá di ìgbà òtútù, tí òjò Namur ń pa ẹ́, wàá máa wò mí bí ẹni tó já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹ. Tàbí o fẹ́ kí n ní kó o dúró, kó lè jẹ́ pé èmi ni mo ní kó o máa lọ. Mi ò sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì."

"Mo fẹ́ràn ẹ, Lenora."

"Mo mọ̀. Èmi náà fẹ́ràn ẹ débi pé mò ń gbàdúrà kó o ṣubú. Ìfẹ́ tó bá ti rí báyẹn, ó yẹ kó sinmi díẹ̀. Lọ ṣe é. Èyíkéyìí tó o bá ṣe, sọ fún mi lẹ́yìn tó o bá ti ṣe é. Má tún fi ohun tí àwọn kan máa ṣe fún ẹ ṣe ìlérí fún mi mọ́."

Ó pa fóònù. Garrick ń rìn lọ rìn bọ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí títí Silas fi sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé wọ́n lé ẹ."

"Wọ́n lé mi, wọ́n tún ní mo lè dúró."

"Ìyàwó mi àkọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ fún mi."

"Kí lẹ wá ṣe, Àgbà?"

"Mo dúró. O ò rí i pé mo ti ń lọ sórí ìkẹta báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú Garrick, ó pa ẹ̀rín náà mọ́ra. "Má bi mí, ọmọdé. Bọ́ọ̀lù nìkan ni mo mọ̀."

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, Garrick ti wọ ọ́fíìsì Brannigan, ó ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Brannigan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó gbé ìwé eré padà fún un. Garrick rí i pé òun ò lọ́ra láti gbà á. Ohun tó bà á nínú jẹ́ jù nìyẹn.

Ó kọ̀wé ránṣẹ́ sí Lenora lórí fóònù: "Mo dúró. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi. Èmi ni mo fẹ́ ẹ."

Ìrọ̀lẹ́ ni èsì dé. "Mo ti gbọ́. Mo ti ní kí wọ́n fún ẹlòmíì láyè ẹ. O ṣeun tí o kò purọ́. Má jẹ́ kí ebi pa ẹ́."

Ó kà á títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí. Kò sí ọ̀rọ̀ burúkú kan nínú rẹ̀ tí ènìyàn lè bínú sí.

Nígbà tí oṣù kẹwàá dé, Garrick ti háyà ilé kékeré kan lẹ́bàá odò Maumee. Láti Ọjọ́rú dé Ọjọ́ Ẹtì, ara rẹ̀ kì í sinmi. Wọ́n á fún un ní aṣọ ọ̀tá wọ̀, òun á jẹ́ ará Denver lọ́sẹ̀ yìí, á jẹ́ ará Buffalo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa gbé e ṣánlẹ̀ láti fi kọ́ṣẹ́. Bó bá di Sátidé tí eré wà nílùú mìíràn, ẹgbẹ́ á wọ kóòtù dúdú, wọ́n á kó sínú bàálù, wọ́n á lọ. Àwọn adánrawò kì í lọ. Ìlú á wá dákẹ́ fún un bí ìgbà tí wọ́n pa rédíò.

Sátidé kan bẹ́ẹ̀ ni, ó ń din ẹyin. Ó mọ̀ pé àwọn obìnrin Namur ń gbá lọ́jọ́ náà. Lenora ò sọ fún un, òun ló wá a rí fúnra rẹ̀. Ó gbé fóònù tó ń fi eré náà hàn ti agolo iyọ̀. Àwòrán náà ń dúró, ó ń lọ, gbọ̀ngàn náà kéré, àwọn òǹwòran ò pọ̀ ju ará ìjọ kékeré kan lọ. Lenora ti gé irun. Kò sọ fún un pé òun fẹ́ gé e. Ó ń sáré láàárín àwọn obìnrin tí Garrick ò mọ orúkọ wọn, ó ń pè wọ́n, wọ́n ń dá a lóhùn. Ní ìgbà kan, ẹnìkan tì í ṣubú lábẹ́ àwọ̀n, ó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀.

"Dìde," ni Garrick sọ sínú ilé ìdáná rẹ̀.

Lenora dìde. Kò wo ibi tí kámẹ́rà wà. Kí ló fẹ́ wò níbẹ̀? Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó ju bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, ó sáré padà sẹ́yìn láti lọ ṣọ́ ilé.

Ẹyin ti jóná. Nígbà tí eré parí, àwọn obìnrin náà dì mọ́ ara wọn, wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn òǹwòran náà lọ. Ẹni tó ń ya àwòrán gbàgbé láti pa kámẹ́rà. Ọkùnrin kan jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ fífẹ̀, ó ń gbá orí pákó náà láti ìpẹ̀kun kan dé ìpẹ̀kun kejì, ó ń yí padà, ó tún ń bọ̀. Garrick fa àga kan, ó jókòó, ó ń wò ó. Ọkùnrin náà gbá a tán, ó pa iná apá kan, ó sinmi lé ìgbálẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó sì lọ pa ìyókù.